Ìpè Tí Kò Wọlé

Ìyá Agbẹ̀bí ń ká aṣọ gbígbẹ lórí àga nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lójijì. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Ó ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fò dé ibi àpótí, ó gbé fóònù rẹ̀ láti inú abọ́ irin, ó sì fi í sétí.

“Ẹ n lẹ́ o! Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ẹ gbóhùn sókè, mo ń gbọ́ yín.”

Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìwé ìdánwò àṣejáde wà lórí itan rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó mọ̀ pé fóònù náà kò dún.

“Ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀,” ni ìyá rẹ̀ ń sọ sínú fóònù tó dákẹ́. “Ẹ má fi í sílẹ̀ lọ síbì kankan o. Mo ti ń bọ̀.” Ó ti fa báàgì iṣẹ́ rẹ̀ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà, kí ó tó rántí wo ojú fóònù náà. Ojú fóònù dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Màmá, ẹnikẹ́ni ò pè yín.”

Ìyá Agbẹ̀bí dúró pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. “Ṣé ó dá ọ lójú, Akọ̀wé?”

“Ó dá mi lójú.”

“Mo gbọ́ ọ. Bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn rẹ yìí gan-an ni mo ṣe gbọ́ ọ.” Ó rọra dá fóònù padà sínú abọ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó sùn.

Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín lójúde, àwọn ará àdúgbò ń lọ, wọ́n ń bọ̀, síbẹ̀ òtútù mú ọmọ náà láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Láti ìgbà tí ọmọ tuntun Káfíńtà àdúgbò wọn ti kú ni ìpè tí ẹnikẹ́ni kò pè ti ń dún sí ìyá rẹ̀ létí. Nínú gbogbo àdúgbò, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ìdí rẹ̀. Akọ̀wé ni.

Akọ̀wé kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé òun ló ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù, òun ló sì ń bá a fèsì. Ìyá Agbẹ̀bí kò kàwé púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀, ó mọ̀ ọ́n délẹ̀: ọmọ tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ju bó ṣe yẹ lọ, ìyá tó fẹ́ dákú. Bàbá Akọ̀wé ti kú tipẹ́. Iṣẹ́ yìí ló ń bọ́ wọn, òun náà ló sì fún wọn ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ láwùjọ.

Òfin kan wà tí Ìyá Agbẹ̀bí fi ń kọ́ gbogbo ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ bá lóyún. “Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, má sáré wá bá mi o. Má fi ìyàwó rẹ sílẹ̀ lóun nìkan. Di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí o pè mí. Èmi ni kí n sáré.” Òun náà kì í fi ìpè ṣeré. Inú abọ́ irin òfìfo ló ń gbé fóònù sí, kí ariwo rẹ̀ lè di méjì bó bá dún. Àwọn ará àdúgbò a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí abọ́ Ìyá Agbẹ̀bí bá ké, òkú inú sàréè a béèrè bóyá akọ ni tàbí abo.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àbúrò ìyá rẹ̀ kan ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Bọ̀ọ̀dá Atukọ̀ ni Akọ̀wé ń pè é. Ó fi fóònù tuntun kan ránṣẹ́ sílé nípasẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù Ìyá Agbẹ̀bí, nítorí ó mọ ẹni tí yóò kà á.

“Akọ̀wé, wọ́n máa pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ ládùúgbò yín ní ìparí oṣù yìí. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi ti pẹ́, ìpè ò ní máa wọlé sí i mọ́. Fún wọn ní tuntun yìí, kí o gbé síìmù wọn sínú rẹ̀. Má fi falẹ̀ o. A ń wọ agbami, ẹ ò ní rí mi bá sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.”

Akọ̀wé kà á tán, ó ṣí páálí fóònù tuntun náà. Ó ń dán bí omi odò. Fóònù tirẹ̀, àlòkù tí wọ́n fún un, ti sán lójú, bó bá sì fẹ́ ṣí nǹkan kan, èèyàn lè lọ pọnmi dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín kì í jẹ́ kó gbádùn nílé ẹ̀kọ́.

“Ẹ fi í sílẹ̀ o,” ni Ẹlẹ́rìn-ín máa ń wí, “fóònù Akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ̀, kó pa ara, kó tó jáde sí àlejò.” Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Orí fóònù ni wọ́n sì ti ń pín ìbéèrè ìdánwò láàárín ara wọn. Kí tirẹ̀ tó ṣí ìkan, wọ́n á ti dáhùn mẹ́wàá.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló wà nínú páálí, ẹnu rẹ̀ yára ju ọkàn rẹ̀ lọ.

“Bọ̀ọ̀dá Atukọ̀ ló fi ránṣẹ́ sí mi, Màmá. Wọ́n ní kí n fi múra ìdánwò.”

“Áà! Àbúrò mi ọ̀wọ́n! Omi ò ní gbé e lọ.” Ìyá Agbẹ̀bí kò fọwọ́ kan fóònù náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. “Ó mà lẹ́wà o. Tọ́jú rẹ̀.”

Kì í ṣe pé Akọ̀wé kò yẹ fóònù ìyá rẹ̀ wò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun hàn gbangba lókè rẹ̀, ìlà rẹ̀ sì kún. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i láti orí tirẹ̀, ó wọlé lójú ẹsẹ̀. Ó ṣí àwòrán, ó ṣí. “Ó ń ṣiṣẹ́,” ló wí fún ara rẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá kàn ń já láyà lásán ni. Bí mo bá ṣe ìdánwò tán, màá gbé e fún wọn.” Nígbà tí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà fi ìkìlọ̀ tiwọn ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀, ó kà á, ó sì pa á rẹ́.

Oṣù parí. Fóònù inú abọ́ dákẹ́.

“Fóònù yìí mà dákẹ́ jù,” ni Ìyá Agbẹ̀bí wí lọ́jọ́ kan. “Àbí àwọn obìnrin ò bímọ mọ́ ni?”

“Ẹ sinmi, Màmá. Nígbà tó bá ń dún, ẹ ó ní ó ń dún jù.”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì sinmi lóòótọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà, ó jókòó ti abọ́ irin, ó ń fi abẹ́rẹ́ lẹ aṣọ, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. Oorun kò kùn ún rárá. Ní àkókò yẹn gan-an, lẹ́yìn òkè kékeré tó wà lápá kejì àdúgbò, Káfíńtà di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ń fi ọwọ́ kejì pe agbẹ̀bí. Ó pè, ó tún pè. Ohùn obìnrin kan nínú fóònù ń sọ fún un pé wọ́n ti pa fóònù tó ń pè. Kò fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, nítorí òfin ni. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó kígbe pe aládùúgbò kan, ìyẹn ló sáré wá kan ilẹ̀kùn Ìyá Agbẹ̀bí.

Ìyá Agbẹ̀bí sáré débi pé gèlè rẹ̀ bọ́ sọ́nà. Ó bá ìyá láàyè, ó gbà á là. Ọmọ náà, ọmọkùnrin tí nǹkan kan kò ṣe lára, kò ké.

“Mo pè yín títí ọwọ́ mi fi kú,” ni Káfíńtà wí. Kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù. “Ẹ ti pa fóònù yín, ẹ lọ sùn.”

“Mi ò sùn, ọmọ mi. Mo jókòó tì í ni. Ayé gbọ́, ọ̀run gbọ́, mo jókòó tì í.”

Káfíńtà yí ojú sí ògiri.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kó tó gba gbogbo àdúgbò kan. Bí Ìyá Agbẹ̀bí bá ń kọjá, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ á dákẹ́, wọ́n á kí i, wọ́n á dúró dìgbà tó bá kọjá tán. Nígbà tó di ọjọ́ mélòó kan, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ara rẹ̀ tìfura-tìfura. Ó pe ọmọ rẹ̀.

“Akọ̀wé, gbé fóònù yìí, kí o bá mi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bóyá òun ló ń ṣàìsàn.”

Akọ̀wé bọ́ sí ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú fóònù tuntun. Ó fi pe nọ́ńbà ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì fi pè é rí láti ọjọ́ tó ti gbà á. Ẹni tó wà nínú ilé kan náà, pípè kí ni? Láti ojú fèrèsé ó ń wo fóònù àtijọ́ nínú abọ́, ojú rẹ̀ tàn, ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kún. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ojú aláìsàn.

“Wọ́n ti pa fóònù tí ẹ ń pè,” ni ohùn náà wí sí Akọ̀wé létí.

Ó tún pè. Ohùn kan náà. Fóònù inú abọ́ kò mira. Ó wá yé e pé ohun tí Káfíńtà gbọ́ lòun ń gbọ́ yìí, ohun tí ó gbọ́ ní gbogbo ọ̀sán náà pẹ̀lú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ nínú ọwọ́ rẹ̀.

Ó wọlé.

“Kí lo rí?” ni ìyá rẹ̀ bi í.

Níbí yìí ni ọ̀nà ti pín sí méjì fún Akọ̀wé. Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́, ó ṣẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àìmọ̀kan díẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe nínú èkejì.

“Kò sí nǹkan kan tó ṣe é, Màmá.”

Ìyá Agbẹ̀bí mi orí, ó pẹ́ tó ń mì í. “Nígbà náà, èmi ni,” ló wí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìpè.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Atukọ̀ sì pe fóònù Akọ̀wé. “Kí ló dé tí nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi kò lọ? Ṣé o ò tíì fún wọn ní fóònù yẹn ni?”

“Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá, ó ń gba ọ̀rọ̀! Gbogbo ìlà rẹ̀ ló kún!”

“Gbọ́ mi. Fóònù yẹn mọ ọ̀nà tuntun láti fi gba ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ àti àwòrán. Kò mọ̀ ọ́n láti fi gba ohùn. Ọ̀nà àtijọ́ ni ohùn ń bá wọlé sí i, wọ́n sì ti dí ọ̀nà náà pa. Fóònù àtijọ́ mìíràn wà tó mọ méjèèjì, a kàn ń tan ibì kan nínú rẹ̀ ni. Ti ẹ̀gbọ́n mi ò ní i. Ṣé nǹkan ṣẹlẹ̀ ni?”

“Rárá o, Bọ̀ọ̀dá.” Irọ́ kẹta.

Ó rò ó pé òun lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe láìsọ ọ́. Ó dá síìmù tirẹ̀ padà sínú àlòkù rẹ̀ tó ṣì ń gba ìpè, ó gbé síìmù ìyá rẹ̀ sínú fóònù tuntun, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e fún un. “Màmá, ẹ gba tèmi. Ẹ̀yin lẹ nílò rẹ̀ jù.”

Ìyá Agbẹ̀bí sunkún. “Ọmọ tó ń ro ti ìyá rẹ̀! Wàá jẹun ọmọ. Ẹni tí ìwọ náà bá bí á ro tìẹ.” Àdúrà náà ń bọ́ lé Akọ̀wé lórí bí omi gbígbóná. Kò lè ṣe àmín. Fóònù tuntun ń gba ìpè dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn ti àtijọ́ ni ìyá rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Á fi tuntun sílẹ̀, á sáré lọ gbé àtijọ́, tí kò ní síìmù nínú mọ́, á sì máa bá a sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kan, aboyún kan wá, oyún àkọ́kọ́ ni. Ìyá Agbẹ̀bí kò ní kó jókòó.

“Wá ẹlòmíràn lọ, ọmọ mi.”

“Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí mi, Màmá. Ìyá mi ní mi ò gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.”

“Mo mọ̀. Etí mi ti kú ni. Èyí tó yẹ kó gbọ́, kò gbọ́. Èyí tí kò sí, òun ló ń gbọ́. Agbẹ̀bí tí kò ní etí, apànìyàn ni.” Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fa báàgì iṣẹ́ rẹ̀ yọ, ó ń kó ohun inú rẹ̀ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nù wọ́n bí ẹni tí kò ní lò wọ́n mọ́.

Akọ̀wé rí sísọ̀sì tí wọ́n fi ń gé ìwọ́ lórí ilẹ̀. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, òun náà gbà á kọjá.

“Màmá, etí yín ò kú. Ẹ ò sùn. Èmi ni.”

Ó sọ ọ́ tán pátá: ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá, ìkìlọ̀ tó pa rẹ́, ohùn tó gbọ́ lẹ́yìn ilé. Nígbà tó parí, ìyá rẹ̀ ní, “Gbé síìmù padà sínú ti àtijọ́. Fi tìrẹ pè é.”

Akọ̀wé pè. Àwọn méjèèjì ń wo fóònù náà, ìlà rẹ̀ kún, ó dákẹ́ fọ́ọ́.

“Mi ò sùn,” ni Ìyá Agbẹ̀bí wí.

“Ẹ ò sùn, Màmá.”

“Mo wà láyé, mo jókòó, mo ń lẹ aṣọ, ọmọ yẹn sì ń kú.” Ó dìde. Kò na ọmọ rẹ̀. Akọ̀wé ìbá fẹ́ kó na òun. “Wọ bàtà rẹ.”

Ìyàwó Káfíńtà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aṣọ tó fi di àyà rẹ̀ ti tutù, nítorí omi ọmú tó ń wá tí kò rí ẹnu tí yóò mu ún. Ọkọ rẹ̀ fi ayùn sílẹ̀, ó jáde wá bá wọn. Akọ̀wé kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná, ó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Káfíńtà gbé ọwọ́ lé orí. “Nítorí ìdánwò?”

“Nítorí kí wọ́n má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, sà.”

Obìnrin náà ló sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. “Ní gbogbo ìgbà yẹn, mo ń sọ fún un pé, ‘Tún pè wọ́n, wọ́n ń bọ̀.’ Lẹ́yìn náà, mo bú wọn. Mo jókòó síbí, mo bú ìyá rẹ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí mi.” Ó wo Akọ̀wé lójú. “Mi ò ní lè lọ kó ọ̀rọ̀ yẹn padà. Ìwọ ni wàá lọ kó o. Ilé dé ilé. Má yọ ilé kan sílẹ̀.”

Akọ̀wé lọ. Lójoojúmọ́, bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á kan ilẹ̀kùn, á kúnlẹ̀, á sọ ọ́. Àwọn kan ṣépè, àwọn kan pa òṣé. Ẹlẹ́rìn-ín gbọ́, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó kàn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ìdánwò dé, Akọ̀wé ṣe é pẹ̀lú orí tó ń fọ́, ó sì fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n aboyún ọjọ́ sí padà wá, Ìyá Agbẹ̀bí sì ṣílẹ̀kùn fún un. Kò gbọ́ ìpè tí kò dún mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ báyìí: nígbà tó bá ń fọ abọ́, nígbà tó bá ń kàwé, bí ìgbà tí ẹnì kan ń pè láti ẹ̀yìn òkè, tí kò sì sẹ́ni tó máa gbé e.

Nínú ìrìn yìí ló ti rí i pé fóònù ìyá òun nìkan kọ́ ló dákẹ́. Ó wá ń bẹ àwọn onílé pé kí wọ́n jẹ́ kí òun pe tiwọn wò. Àwọn kan dún. Àwọn mìíràn kò dún, àwọn tó ni wọ́n kò sì mọ̀.

Ilé tó lọ kẹ́yìn ni ti Bàbá Aránṣọ, arúgbó tó ń dá gbé. Fóònù rẹ̀ wà ní àyà rẹ̀.

“Fi í sílẹ̀, ọmọ mi,” ni bàbá wí. “Kò bàjẹ́. Àwọn ọmọ mi ló ti gbàgbé mi.”

Akọ̀wé pè é. Kò dún. Ó gbà á, ó wá inú rẹ̀ títí, ó sì rí ibi tí Bọ̀ọ̀dá Atukọ̀ sọ. Ó tan án. Ó tún pè é, fóònù náà sì ké tòò nínú ilé tó dákẹ́ náà.

Bàbá tẹjú mọ́ fóònù náà. “A jẹ́ pé wọ́n ti ń pè mí?”

“Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti máa pè yín, Bàbá.”

Omi bọ́ lójú arúgbó náà. Akọ̀wé fẹ́ pa ìpè náà.

“Má pa á,” ni bàbá wí. “Jẹ́ kó dún díẹ̀ sí i.”

Akọ̀wé dúró, ó jẹ́ kó dún. Ó ń rò ó pé ohùn kékeré yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré, ni ọmọ Káfíńtà nílò láti yè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé fún àwọn òbí yín, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi rán yín sí ẹlòmíràn kì í ṣe tiyín láti gbé mì. Ohun tí kò bá dá yín lójú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tí yóò lò ó ṣe máa lò ó. Bí ẹ bá sì ṣìṣe, ẹ sọ ọ́ kíákíá, kí ẹlòmíràn má bàa ru ẹrù yín. Òtítọ́ tó pẹ́ kó tó dé lè fọ orúkọ èèyàn mọ́. Kò lè jí òkú.